Gbòǹgbò Púpọ̀ Nínú Ilẹ̀ Kan: Bí A Ṣe Ń Fi Onírúurú Ewéko Jí Ilẹ̀ Koríko Tó Ti Ṣá ní Ifẹ̀ àti Iléṣà

Ẹ mú ọkọ́ dání, ẹ lọ síbi tí koríko ẹ̀kan nìkan ti gba ilẹ̀ kanlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Ifẹ̀ lọ sí Iléṣà, kí ẹ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí etí oko kan tí koríko, patanmọ́, yúnyun àti òtílí ti jọ ń gbé fún ọdún mélòó kan tí iná ò débẹ̀, ẹ gbẹ́ ibẹ̀ náà. Ẹ bu erùpẹ̀ méjèèjì sọ́wọ́. Níbi tí mo ti dán an wò, ti àkọ́kọ́ pọ́n, ó sì le. Nígbà tí mo fi ọwọ́ rún un, ó di lẹ́búlẹ́bú. Ti èkejì dúdú díẹ̀, ó ṣù pọ̀ ní róbótó-róbótó, ó sì ń rùn bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀. Òórùn yẹn kì í ṣe ti erùpẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn bakitéríà kan ló ń ṣe é, Streptomyces lorúkọ wọn. Níbi tí òórùn náà bá ti ń jáde, àwọn òṣìṣẹ́ wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń tọ́jú ààbọ̀ éékà kan ní ẹ̀yìn Ifẹ̀, ibi tí wọ́n ti gbin ẹ̀gẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣá. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ kí ilẹ̀ koríko rẹ̀ lọ́ràá kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ fún ewéko kan ṣoṣo, bó ti wù kí ewéko náà dára tó. Bí ẹ bá ní àlàpà oko, tàbí ibi tí ewúrẹ́ àti àgùntàn yín ti ń jẹ, tàbí pápá gbalasa kan lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ẹ bá mi kálọ.

Ohun kan wà tó yẹ ká kọ́kọ́ sọ. Ilẹ̀ igbó ni Ifẹ̀ àti Iléṣà, wọn kì í ṣe ilẹ̀ ọ̀dàn. Àdá, iná àti oko ló pe koríko tí a ń rí níhìn-ín wá, bí a bá sì fi í sílẹ̀, igi ni yóò padà wá gba ipò rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ní igbó tó ṣì dúró, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gé e torí kí ẹ lè gbin koríko. Igi ń kó kábọ́ọ̀nù tó pọ̀, ìyẹn èròjà tó wà nínú ara gbogbo ohun abẹ̀mí, tó sì jẹ́ olórí ohun tó wà nínú ilẹ̀dú tó ń mú ilẹ̀ lọ́ràá, pa mọ́ sínú ara rẹ̀, koríko kankan ò sì lè dá a padà fún yín. Ilẹ̀ tó ti di koríko tẹ́lẹ̀ ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ irú ilẹ̀ tí ẹ dúró lé

Àwọn tó ya àwòrán ilẹ̀ agbègbè wa, tí ìwé wọn jáde ní 1962, fi orúkọ àwọn ìlú wa pe oríṣi ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ Ìwó wá láti ara òkúta gíránáìtì oníhóró ńláńlá: yanrìn ló pọ̀ lójú rẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ sì wà nísàlẹ̀. Ilẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá ní amọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́wọ́ Iléṣà, ilẹ̀ Ìtagúnmodì pọ́n rokoṣo, ó jìn, amọ̀ sì kún inú rẹ̀. Ní ẹsẹ̀ àwọn òkè olókùúta funfun, ilẹ̀ Òkèmẹsí ló wà, yanrìn àti òkúta ni.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì torí pé amọ̀ ni àpótí tí kábọ́ọ̀nù ń sùn sí. Hóró amọ̀ kéré gan-an, nǹkan sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Hóró yanrìn tóbi, ara rẹ̀ ń dán, omi sì máa ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá tòun ti gbogbo ohun tó gbé. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ Ìtagúnmodì lè kó kábọ́ọ̀nù jọ ju ẹni tó wà ní ẹsẹ̀ òkè lọ, kódà kí iṣẹ́ wọn dọ́gba. Ẹ má fi ilẹ̀ yín wé ti ọ̀rẹ́ yín. Ẹ fi wé ti ara rẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Láti mọ èyí tí ẹ ní, ẹ bu erùpẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ rẹ ẹ lómi díẹ̀, kí ẹ pò ó bí ẹni ń pò ẹ̀bà. Ẹ wá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lórí ìka ìfábẹ̀là kó nà bí okùn pẹlẹbẹ. Bí kò bá nà rárá, yanrìn ni. Bó bá nà tó ìka méjì kó tó já, amọ̀ wà níbẹ̀ dáadáa. Bó bá nà ju bẹ́ẹ̀ lọ tó sì ń dán, amọ̀ gidi lẹ ní.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka ewéko tó ti wà níbẹ̀

Ẹ so okùn mọ́ igi mẹ́rin kó di àpótí oníhà mẹ́rin, mítà kan ní gígùn, mítà kan ní fífẹ̀. Ẹ jù ú sílẹ̀ ní ibi mẹ́wàá láìṣa ibi tó wù yín, kí ẹ sì ka oríṣi ewéko tó wà nínú rẹ̀ ní ibi kọ̀ọ̀kan. Ẹ kò nílò orúkọ òyìnbó wọn. Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta: koríko, àwọn ìbátan ẹ̀wà, ìyẹn àwọn tó ń so pódi, àti gbogbo ewéko yòókù tó ní ewé gbígbòòrò.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, ìyá àgbà kan tó ń sin ewúrẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dúró ń wò mí. Ó ní, "Ọmọ mi, kí lo ń ka koríko sí?" Mo ní, "Ìyá, mo fẹ́ mọ iye tó wà ńbẹ̀ ni, ẹ má bínú." Ó jókòó tì mí, ó sì dárúkọ ewéko mọ́kànlá níbi tí èmi ti rí mẹ́rin. Ó mọ èyí tí ewúrẹ́ máa ń kọ́kọ́ jẹ, ó mọ èyí tó máa ń wà ní tútù títí ọyẹ́ fi dé, ó sì mọ èyí tí kò sí mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń fín oògùn apakoríko. Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá wà ládùúgbò yín, ẹ lọ kí wọn kẹ́ ẹ tó ra irúgbìn kankan.

Bó bá jẹ́ koríko kan tàbí méjì ni ẹ bá níbi gbogbo, tí kò sí ìbátan ẹ̀wà, iṣẹ́ wà. Bí ẹ bá rí ju mẹ́jọ lọ nínú àpótí kan, ilẹ̀ yín kò burú. Ìtọ́jú ló kù fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀

Ìgbésẹ̀ yìí kò ní ọkọ́ nínú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fò ó kò ní mọ ìdí tí òun fi ń ṣe èyí tó kù.

Ewé ń fa afẹ́fẹ́ tó ní kábọ́ọ̀nù nínú mọ́ra, ó ń fi oòrùn àti omi sọ ọ́ di ṣúgà. A máa ń rò pé ara igi àti ewé ni gbogbo ṣúgà náà ń lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Apá kan tó pọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò, gbòǹgbò sì ń tú lára rẹ̀ jáde sínú ilẹ̀: ṣúgà, àwọn èròjà kíkan, àti ohun tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Àwọn abẹ̀mí àìfojúrí, bakitéríà àti àwọn ìbátan olú tí òwú ara wọn tín-ín-rín ju irun lọ, ń gbé lẹ́bàá gbòǹgbò nítorí oúnjẹ yìí. Àwọn kan máa ń san án padà. Irú àwọn olú kan ń wọ inú gbòǹgbò, wọ́n sì ń na òwú wọn lọ síbi tí gbòǹgbò ò lè dé láti bá a fa fọ́sífọ́ọ̀sì, èròjà kan tó jẹ́ oúnjẹ ewéko, wá. Bakitéríà tó ń gbé inú kókó ara gbòǹgbò ìbátan ẹ̀wà ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ fún igi.

Oúnjẹ tí ewéko kọ̀ọ̀kan ń tú jáde yàtọ̀ síra. Ilẹ̀ tó ní ewéko kan ṣoṣo dà bí ilé tó jẹ́ pé àmàlà nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn àmàlà kò ní yà níbẹ̀. Níbi tí ewéko mẹ́wàá bá wà, oúnjẹ pọ̀ lóríṣiríṣi, àlejò náà á sì pọ̀. Gbòǹgbò wọn kì í sí ní ibì kan náà pẹ̀lú: koríko kún òkè ilẹ̀ bí kàn-ìn-kàn-ìn, òtílí gún ilẹ̀ lọ tààrà, àwọn mìíràn wà láàárín. Bí ọ̀kan bá ń sùn nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, òmíràn ń ṣiṣẹ́. Àdògán abẹ́ ilẹ̀ kì í tutù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yà mí lẹ́nu jù rèé. Mo ti máa ń rò pé ewé tó jẹrà ni ilẹ̀dú. Ewé ń kópa lóòótọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú kábọ́ọ̀nù tó ń pẹ́ nínú ilẹ̀ ọ̀dàn jẹ́ òkú àwọn abẹ̀mí àìfojúrí wọ̀nyẹn. Wọ́n jẹun, wọ́n bí sí i, wọ́n kú, àjẹkù ara wọn sì lẹ̀ mọ́ amọ̀ bí ọṣẹ ṣe ń lẹ̀ mọ́ kàn-ìn-kàn-ìn. Tó bá ti lẹ̀ báyìí, ó ṣòro fún ẹlòmíràn láti jẹ ẹ́. Ìyẹn ni pé bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ṣe pọ̀ tó, tí wọ́n sì ń rí jẹ, ni ilẹ̀dú yóò ṣe pọ̀ tó.

Wọ́n ti dán èyí wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Cedar Creek, ibùdó ìwádìí kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì David Tilman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbin ewéko ọ̀dàn sí ojú ilẹ̀ 168 ní 1994, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 9 sí mítà 9. Àwọn kan gba oríṣi 1 péré, àwọn mìíràn gba 2, 4, 8 tàbí 16. Lẹ́yìn ọdún 12, kábọ́ọ̀nù tó ti kún ilẹ̀ níbi tí oríṣi pọ̀ sí jù tó ìlọ́po mẹ́fà ti ibi tí ewéko kan ṣoṣo wà, bí Fornara àti Tilman ṣe kọ ọ́ ní 2008. Ẹ fi sọ́kàn pé ilẹ̀ yanrìn tí kò lọ́ràá ni ilẹ̀ náà, bíi ti ẹsẹ̀ òkè wa. Wọ́n tún rí i pé kì í ṣe iye oríṣi nìkan ló ṣiṣẹ́ náà. Koríko tó fẹ́ràn ooru àti ìbátan ẹ̀wà tí wọ́n jọ wà pọ̀ ló gbé èyí tó pọ̀ jù. Ìbátan ẹ̀wà mú náítírójìn wá, koríko fi í na gbòǹgbò.

Ní Jena ní Jámánì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní 2002 lórí ojú ilẹ̀ 82, inú oríṣi ewéko 60 ni wọ́n ti ṣa èyí tí wọ́n gbìn. Ohun tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Markus Lange àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2015 ni pé kábọ́ọ̀nù tó pọ̀ sí i níbẹ̀ jẹ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ojú gbòǹgbò wọlé, tó sì gba ara àwọn abẹ̀mí àìfojúrí kọjá. Kì í ṣe pé ti àtijọ́ ni kò jẹrà mọ́. Ẹ tún gbọ́ èyí: ó tó bí ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n gbin nǹkan kí ìyàtọ̀ tó hàn gbangba lára àwọn abẹ̀mí náà. Ẹni tó bá gbin lónìí tó ń gbẹ́ ilẹ̀ wò lóṣù tó ń bọ̀ yóò kàn bínú lásán ni.

Tiwa yàtọ̀ sí tiwọn níbì kan. Ooru àti òjò Ifẹ̀ máa ń mú kí nǹkan tètè jẹrà. Ohun tí yóò pẹ́ níbẹ̀ kì í pẹ́ níhìn-ín. Ìdí nìyẹn tí oúnjẹ láti ara gbòǹgbò kò fi gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró lórí ilẹ̀ wa.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yan ewéko

Ẹ kò nílò mẹ́rìndínlógún. Mẹ́fà sí mẹ́jọ tó yàtọ̀ síra gidi sàn ju koríko mẹ́jọ tó jọra lọ.

Koríko méjì ló tó. Mo fẹ́ràn koríko gínì torí pé ewúrẹ́ fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń gbé abẹ́ òjìji. Níbi tí ilẹ̀ bá tutù, eèsún dára. Ẹ̀kan kò ní ṣòro láti rí, ṣùgbọ́n ẹ má gbìn ín. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó kù bò ó mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òjìji ló ń pa á.

Lára ìbátan ẹ̀wà, ẹ mú mẹ́ta, kí ìrísí wọn má jọra. Centrosema ń fà, ó ń gun koríko. Stylosanthes dúró gẹ́gẹ́ bí igbó kékeré, ó sì ń fara da ọ̀gbẹlẹ̀. Òtílí ga, gbòǹgbò rẹ̀ jìn, a sì ń jẹ ẹ́, èyí tí kò sí fún àwọn méjì àkọ́kọ́. Patanmọ́ ti wà nílẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́pọ̀ ibi. Ẹ má fà á tu pátá, ìbátan ẹ̀wà ni òun náà, bó tilẹ̀ ń gún ẹsẹ̀. Ní ẹ̀bá ààlà, ẹ gún igi agúnmaniyè mọ́lẹ̀ lọ́nà tí yóò fi di ọgbà. Ẹ yẹra fún wèrèpè. Ilẹ̀ á fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin àti ẹran yín kò ní sinmi.

Àwọn elewé gbígbòòrò, ẹ má ra wọn. Yúnyun, igbálódè àti ìsékètu á wá fúnra wọn. Ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n wà. Akíntọ́lá àti jogbo olódòdó yẹ́lò yẹn ni kí ẹ ṣọ́ra fún, torí wọ́n máa ń lé gbogbo ẹlòmíràn jáde. Ẹ gé wọn kí wọ́n tó so èso, kí ẹ tẹ́ ewé wọn sórí ilẹ̀ níbi tó ṣófo. Wọ́n ń jẹrà kíákíá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: gbígbìn

Ìgbà òjò àkọ́kọ́ ló dára, láàárín oṣù kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, tí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé. Ẹ má ro gbogbo ilẹ̀. Àwọn àgbà ń ki ilẹ̀ ní Ògẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, ẹni tó ń fi ọkọ́ ya irun orí, ṣùgbọ́n orí tí wọ́n bá ń yà lójoojúmọ́ yóò pá. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá dojú ilẹ̀ dé lẹ ń fọ́ àwọn ṣùúṣùú erùpẹ̀ tó fi kábọ́ọ̀nù pa mọ́, tí ẹ sì ń já òwú àwọn olú. Ẹ fi àdá gé koríko mọ́lẹ̀, kí ẹ sì la ilẹ̀ ní ìlà-ìlà, ìlà kan sí èkejì á tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta.

Ẹ ya ìdí koríko gínì sí wẹ́wẹ́, kí ẹ rì í sínú ìlà kan, ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ sí ara wọn. Nínú ìlà tó tẹ̀ lé e, ẹ gbin ìbátan ẹ̀wà. Èèpo irúgbìn Centrosema àti Stylosanthes le. Bí ẹ bá gbìn ín bẹ́ẹ̀, púpọ̀ kò ní hù. Ẹ da á sínú omi gbígbóná tí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀, tí kò hó mọ́, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi omi tútù rẹ ẹ́ mọ́jú. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo ra irúgbìn lọ́wọ́ ẹnìkan, bóyá ọ̀kan nínú mẹ́wàá ló hù, n kò sì mọ̀ bóyá irúgbìn ló ti gbó jù tàbí èmi ni mi ò rẹ ẹ́. Láti ìgbà náà, mo máa ń kọ́kọ́ to ogún hóró sórí aṣọ tútù nínú àwo fún ọ̀sẹ̀ kan láti mọ iye tó máa hù.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ hú ìbátan ẹ̀wà kan pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, ẹ rọra fọ̀ ọ́. Ẹ óò rí kókó róbótó lára gbòǹgbò. Ẹ fi èékánná là á. Bí inú rẹ̀ bá pupa bí ẹran, bakitéríà ń ṣiṣẹ́. Bó bá funfun tàbí tó rí bí eérú, kò tíì ṣiṣẹ́ tàbí ó ti kú. Nígbà náà, ẹ bu erùpẹ̀ láti ìdí irú ewéko yẹn níbi tó ti ń ṣe dáadáa, kí ẹ wọ́n ọn sí ìdí tiyín.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: iná, ẹran àti ajílẹ̀

Iná ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ní oṣù kejìlá sí oṣù kejì, tí ọyẹ́ bá ti mú koríko gbẹ, iná ọdẹ kan ṣoṣo lè gbé náítírójìn ọdún kan lọ sójú ọ̀run láàárín wákàtí kan. Ìbátan ẹ̀wà kì í fara dà á bí ẹ̀kan, tí ìdí tó fi ń hù padà wà lábẹ́ ilẹ̀. Ilẹ̀ tó bá ń jó lọ́dọọdún, ẹ̀kan ni yóò jogún rẹ̀. Ọdún kẹta mi, iná já láti oko ẹlòmíràn, ó jẹ ìdá mẹ́ta òtílí mi. Láti ìgbà náà, ní oṣù kọkànlá, mo máa ń ro etí ilẹ̀ náà yíká dé ibi tí erùpẹ̀ á fi hàn, kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Mo sì máa ń lọ bá àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó tan iná tiwọn. Èyí èkejì ṣiṣẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹran dára fún ilẹ̀ bí wọn kò bá pẹ́ jù níbì kan. Koríko tí wọ́n jẹ dé ìdí máa ń pa gbòǹgbò rẹ̀ tì kó lè tún ewé hù, oúnjẹ abẹ́ ilẹ̀ sì máa ń dínkù. Ẹ pín ilẹ̀ sí mẹ́rin, kí ẹ kó ẹran kúrò níbi tí koríko bá ti kù bí ìbú ọwọ́ méjì, kí ẹ má dá wọn padà títí yóò fi dé orúnkún. Ìgbẹ́ wọn kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀.

Ní ti ajílẹ̀ òyìnbó, mo mọ̀ pé ó máa ń wu èèyàn. Ní Rothamsted, ibùdó ìwádìí nípa oko kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti ń gé koríko lórí pápá kan láti 1856, tí wọ́n ń fi ajílẹ̀ kan sí apá kan, tí wọ́n sì fi apá mìíràn sílẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i. Níbi tí wọ́n ti ń da ajílẹ̀ náítírójìn tí wọ́n ń pè ní ammonium sulphate sí láìfi ẹfun tún ilẹ̀ ṣe, ilẹ̀ di kíkan, oríṣi ewéko sì kù díẹ̀ péré. Níbi tí wọn kò fi nǹkan kan sí, ọ̀pọ̀ oríṣi ló ṣì wà níbẹ̀. Koríko tó bá yó fún náítírójìn á ga, á bo ìbátan ẹ̀wà mọ́lẹ̀, iṣẹ́ wa á sì bàjẹ́. Ẹ lo ìgbẹ́ adìyẹ tó ti rọ̀ díẹ̀ bó bá ṣe dandan, kó má pọ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ wọ̀n ọ́n

Ẹ má fi ojú wọn kábọ́ọ̀nù. Ilẹ̀ tó tutù máa ń dúdú, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tí èédú iná wà nínú rẹ̀.

Àwọn tí ẹ lè ṣe fúnra yín nìyí. Ẹ gé aṣọ òwú funfun, kí ó má ní náílọ́ọ̀nù nínú, sí méjìlá ní ìwọ̀n kan náà, ẹ bo mẹ́fà mọ́lẹ̀ jìn tó ìka mẹ́rin nínú ilẹ̀ tó ní oríṣiríṣi ewéko, mẹ́fà nínú ilẹ̀ tí ẹ̀kan nìkan wà. Ẹ kan igi mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ lè rí i padà. Lákòókò òjò, ẹ hú wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ibi tí aṣọ ti kù fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti pọ̀. Ẹ gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ bàtà kan sí ẹsẹ̀ bàtà kan láàárọ̀ tí òjò ti rọ̀, kí ẹ ka ekòló inú erùpẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì dá wọn padà. Ẹ mú ṣùúṣùú erùpẹ̀ tó gbẹ, kí ẹ rọra gbé e sórí asẹ́ nínú omi: èyí tó tú kíá kò ní ohun tó ń so ó pọ̀, èyí tó dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ní òwú olú àti oje abẹ̀mí nínú.

Fún kábọ́ọ̀nù gidi, ilé àyẹ̀wò ni. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wọn á mọ ohun tí ẹ ń wí bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ àyẹ̀wò Walkley-Black, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fi kẹ́míkà wọn kábọ́ọ̀nù inú ilẹ̀. Ẹ bu erùpẹ̀ láti ibi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, láti ojú ilẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ yẹra fún ìdí igi, òkìtì ikán, ìgbẹ́ màlúù àti ibi tí wọ́n ti dáná. Ẹ pò wọ́n pọ̀, ẹ sá wọn sí ibòji. Bí wọ́n bá fún yín ní èsì lórúkọ ilẹ̀dú dípò kábọ́ọ̀nù, ẹ fi 1.724 pín in.

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún kò tó láti mọ iye tó wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìwúwo ilẹ̀. Ẹ gé ìdí agolo kan kúrò, kí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 7. Ẹ lù ú wọ ilẹ̀ tààrà, ẹ gbẹ́ ẹ jáde, ẹ gé erùpẹ̀ tó yọ jáde kúrò. Inú agolo náà gba bí 385 sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́ta. Ẹ yan erùpẹ̀ náà gbẹ lórí iná tí kò le, ẹ wọ̀n ọ́n. Ká ní ó jẹ́ gíráàmù 500: 500 pín sí 385 jẹ́ 1.3. Bí ilé àyẹ̀wò bá ní kábọ́ọ̀nù jẹ́ 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún, hẹ́kítà kan tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 ní erùpẹ̀ tọ́ọ̀nù 1,950 nínú, kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ sì jẹ́ tọ́ọ̀nù 29 àti díẹ̀. Fún éékà kan, bí tọ́ọ̀nù 12 nìyẹn.

Ẹni tó bá wà lórí ilẹ̀ Ìwó gbọ́dọ̀ sẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ kúrò, kó wọ̀n ọ́n lọ́tọ̀, torí òkúta wúwo ṣùgbọ́n kò ní kábọ́ọ̀nù. Bí ó bá fi í kún un, iye tó máa rí yóò ju òótọ́ lọ.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: ọjọ́, oṣù, ibi tí ẹ ti bu erùpẹ̀, jíjìn rẹ̀, iye ekòló, iye oríṣi ewéko nínú àpótí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹ padà lọ bu òmíràn ní oṣù kan náà, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, kì í ṣe ṣáájú. Ekòló àti aṣọ òwú, ẹ lè máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́dọọdún. Tèmi, ekòló márùn-ún ni mo kà nínú ihò àkọ́kọ́. Lọ́dún yìí, nínú oṣù kẹsàn-án, mo ka mẹ́tàlélógún. Oṣù kẹsàn-án ọdún tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ gbé erùpẹ̀ kejì lọ fún àyẹ̀wò kábọ́ọ̀nù.